Àdúrà Tí N Kò Ṣe Àmín Sí

Àwọn kan ṣì ń bá mi yodì títí di òní nítorí àmín kan ṣoṣo. Wọ́n ní mo tàbùkù àgbà, wọ́n ní mo da omi tútù sí àdúrà lójú gbogbo ènìyàn. Mo gbọ́. Bí ọjọ́ yẹn bá tún padà wá, mi ò ní ṣe àmín náà.

Iṣẹ́ aṣọ gígé ni iṣẹ́ mi. Ilé iṣẹ́ wa kì í rán aṣọ òde. Aṣọ iṣẹ́ là ń rán, ti nọ́ọ̀sì, ti ọmọ iléèwé, ti àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Obìnrin méjìdínlógún ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n àwa méjì péré là ń gé. Èmi ni mò ń gé ara aṣọ, ìyẹn iwájú àti ẹ̀yìn. Rúlà ni wọ́n ń pè mí, torí ìlà tí mo bá fà kì í wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ló ń gé apá àti ọrùn. Òun ni wọ́n ń pè ní Àlùmọ́gàjí, kì í sì í ṣe torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Ẹnu rẹ̀ náà mú.

Ọdún kọkànlá rèé tí a ti jọ ń dúró ti tábìlì kan náà, tábìlì tó gùn débi pé bí èmi bá wà ní ìpẹ̀kun kan tí òun wà ní ìpẹ̀kun kejì, àfi ká pariwo ká tó gbọ́ ara wa. Láràárọ̀ tó bá ti wọlé, mo máa ń kì í:

"Àlùmọ́gàjí abẹnu-méjì-sọ-òótọ́-kan,
Ó jẹ aṣọ títí, kò yó,
Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ọ̀gá ò rí oorun sùn.
Ọmọ ìyá irin, àbúrò abẹ,
Má gé mi lónìí, ọ̀rẹ́ rẹ ni mí."

Yóò ní, "Rúlà, máa gún bó o ṣe ń gún. Ọjọ́ tó o bá tẹ̀, màá dá ọ sí méjì." Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn.

Ọ̀gá kò rí oorun sùn lóòótọ́. Ní ọdún tó kọjá, obìnrin kan dákú sórí ẹ̀rọ nínú ooru. Gbogbo wa fẹ́ atẹ́gùn sí i, a da omi lé e lórí, a padà sídìí iṣẹ́. Àlùmọ́gàjí nìkan ló wọ ọ́fíìsì lọ, tó sọ fún Ọ̀gá pé àwọn fèrèsé tó fi ìṣó kàn pa yẹn, kó ṣí wọn, bí kò bá fẹ́ kí a máa gbé òkú jáde láàárín òwú. Ọ̀gá ṣí fèrèsé. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ló ti ń wò ó bí ẹni ń wo ẹ̀gún tó wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò tíì rí abẹ́rẹ́ tó máa fi yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń tẹ́ aṣọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. A kì í gé aṣọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A máa ń tẹ́ ẹ léra wọn ní ìpele ìpele, ó lè tó ọgọ́rin, ká tó gbé pátánì, páálí tí a fi ń ya ìrísí aṣọ, lé e, kí ẹ̀rọ ọlọ́bẹ tó gba àárín gbogbo rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ara aṣọ lo fẹ́ gé, gbogbo ojú rẹ̀ ló máa wo òkè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ apá ni, kọjúsíra la máa ń tẹ́ ẹ: ìpele kan á wo òkè, èyí tó tẹ̀ lé e á dojú bolẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi parí. Bí ọ̀bẹ bá kọjá, ìdajì á jẹ́ apá òsì, ìdajì á jẹ́ apá ọ̀tún. Ẹni tó bá tẹ́ apá bí ẹni tẹ́ ara aṣọ, apá ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò bí lọ́nà ọgọ́rin.

Ọ̀gá sì ti kọ òfin sára ògiri lókè tábìlì wa, ìlà méjì, ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ ọ́: Ẹni tó bá tẹ́ aṣọ ni kó gé e. Ẹni tó bá gé e ló ni àṣìṣe rẹ̀.

Ojú ìyá mi ti ń ṣú láti bí ọdún méjì. Ilé ìwòsàn ojú kì í gbà ju ogún ènìyàn lọ lóòjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ sínú ogún náà gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìlà kí oòrùn tó yọ. Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n dá fún wọn, èmi ni kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó máa wọlé. Mò ń rò ó, mò ń tún un rò. Àlùmọ́gàjí ní, "Kí lò ń dàrò fún? Ṣé màmá rẹ nìkan ni? Èmi á mú wọn lọ." Ó wá mú wọn nílé ní ìdájí, ó dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ó bá wọn tò.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ tí mo rí i pé apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì ṣófo, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọ̀gá a máa gba ibẹ̀ kọjá ní agogo mẹ́jọ géérégé. Mo ní kí n bá a tẹ́ tirẹ̀, kí Ọ̀gá lè rí aṣọ níbẹ̀. Mo fa aṣọ nọ́ọ̀sì, aláwọ̀ ewé tó ṣá díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́. Ọwọ́ mi sì ń ṣe ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe fún ọdún mọ́kànlá: ojú sókè, ojú sókè, ojú sókè. Mò ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Inú mi ń dùn pé mò ń ran ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́.

Ó dé pẹ̀lú òógùn lọ́rùn. "Wọ́n ti rí dókítà. Ẹnì kẹrìnlá ni wọ́n. O ti bá mi tẹ́ ẹ?"

"Mo ti tẹ́ ẹ. Ọgọ́rin."

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló tẹ́ ẹ, ì bá fi ìka gbé etí rẹ̀ wò. Èmi ni mo tẹ́ ẹ. Kí ló fẹ́ wò? Ó gbé pátánì lé e, ó tan ẹ̀rọ, ó gé e, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí a máa ń so mọ́ ìdì tí a bá gé.

Ọjọ́ Ajé ni obìnrin tó ń so apá mọ́ aṣọ ké sí wa. Ó gbé apá kan, ó gbé èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta, ó tò wọ́n síra.

"Ẹ̀yin agéṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọwọ́ òsì méjì làwọn nọ́ọ̀sì yìí ní?"

Ẹ̀rín bú jáde. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òsì kan á dì ẹ́ mú, òsì kejì á gún ẹ lábẹ́rẹ́."

"Ẹ kúkú yí inú rẹ̀ síta, á di ọ̀tún."

"Kí ẹ̀yìn aṣọ wá di ojú? Kí nọ́ọ̀sì máa rìn kiri bí ẹni tó wọṣọ nínú òkùnkùn?"

Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tán nígbà tí Ọ̀gá wọlé. Ó wo apá, ó wo ojú wa. Aṣọ ogójì ló yẹ kó gbé lọ sí ilé ìwòsàn náà ní Ọjọ́rú, kò sì sí apá ọ̀tún kan ṣoṣo fún wọn, aṣọ aláwọ̀ ewé náà sì ti tán.

"Ta ló gé e?"

"Ọwọ́ mi ló gé e, sà," Àlùmọ́gàjí dáhùn. Kó tó la ẹnu, ó ti kọ́kọ́ wò mí. Ìwò yẹn kì í ṣe ti ẹ̀bẹ̀. Àṣẹ ni: pa ẹnu rẹ mọ́.

Mo sì pa á mọ́. Ẹ má jẹ́ kí n ṣe é bí ẹni pé ìwò rẹ̀ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rù ló bà mí.

"Ọ̀gá, kò tíì bàjẹ́," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ogójì òsì á bá ogójì aṣọ yìí lọ, ogójì tó kù á bá ogójì aṣọ mìíràn tí wọ́n ṣì ń retí lọ. Bí aṣọ tuntun bá ti dé lọ́jọ́ Ẹtì, kí n gé ọgọ́rin ọ̀tún, ó parí. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni."

"Ṣé mo bi ọ́?"

"Ẹ ò bi mí. Mò ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ ni."

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé màá lọ fi ojú ti ara mi ní Ọjọ́rú. Àbí fèrèsé ló tún fa èyí?" Ó nawọ́ sí òfin ara ògiri. "Ọjọ́ Ẹtì tí aṣọ bá dé, kó ẹrù rẹ. Rúlà, láti ọjọ́ náà lọ, ìwọ ni olórí tábìlì. Màá wá ẹni tó máa kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Olórí tábìlì. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀ ni mo ti ń gbàdúrà fún ipò yẹn. Ó wá dé báyìí, ó gun ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi wọlé.

Nígbà tí a jáde sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé, mo dì í lápá mú. "Mo máa sọ fún un."

"Sọ kí ni?"

"Pé èmi ni mo tẹ́ ẹ."

"Èmi náà sì gé ohun tí mi ò tẹ́. Ka òfin náà dáadáa, Rúlà, ó mú mi. Bó o bá sọ ọ́, mi ò ní padà, ìwọ náà á kàn tẹ̀ lé mi ni. Màmá ń lo oògùn ojú, àwọn ọmọ rẹ wà níléèwé. Ẹnu tèmi nìkan ni mò ń bọ́, ẹnu ọ̀hún ò sì jẹun tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń jẹ."

"Má fi ṣeré."

"Mi ò fi ṣeré. Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí. Jẹ́ kí n ṣe é." Ó bu omi bójú, ó wọlé lọ.

Màmá Àdúrà ló ń kan bọ́tìnnì nílé iṣẹ́ wa. Àwọn ni àgbà gbogbo wa, àwọn ni wọ́n sì máa ń ṣáájú àdúrà láàárín àwọn ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sùn sọ́dọ̀ mi, tí wọ́n ń bá mi wẹ ọmọ. Mi ò gbàgbé, mi ò sì ní gbàgbé láé. Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ parí lọ́jọ́ Ajé yẹn, àwọn ni mo lọ bá, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Má kánjú sọ̀rọ̀. A ó wojú Olúwa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó bá wí la máa ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn tù mí lára. Ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe òní.

Mo gbààwẹ̀. Mo kúnlẹ̀ ní àárọ̀, mo kúnlẹ̀ ní ọ̀sán sẹ́yìn àwọn ìdì aṣọ. Mo bẹ Ọlọ́run kó fún mi ní àmì. Mo ní, "Olúwa, bí Ọ̀gá bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá lọ́la, màá mọ̀ pé kí n dákẹ́ ni." Ọ̀gá kì í wọ nǹkan mìíràn ju funfun lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run tí mò ń bá sọ̀rọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ó wọ funfun. Mo dúpẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, bí a ṣe ń gbálẹ̀, Màmá Àdúrà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìlọṣọ.

"Olúwa ti sọ̀rọ̀. Mo rí ọ lórí àtẹ̀gùn, ò ń gòkè. Ẹnì kan ń sọ̀ kalẹ̀. Ohùn kan ní kí ẹni tó ń gòkè má bojú wẹ̀yìn. Ọmọ mi, dákẹ́. Àsìkò ìgbéga rẹ ló dé."

"Màmá, ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn, ta ló tì í?"

"Mi ò rí ìyẹn."

"Èmi rí i, Màmá."

"Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́. Òótọ́ tó o fẹ́ sọ yẹn, ta ni yóò gbà là? Yóò lọ, ìwọ náà á lọ. Ọkọ̀ kan ń rì, o ní kí ọkọ̀ méjì rì. Ṣé Ọlọ́run máa ń fi nǹkan ṣòfò báyẹn?"

Ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òun ló fi ń dùn mí. Mo gbé e lọ sílé bí òkúta tó wọ bàtà.

Orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo bá ìyá mi, báńdéèjì dókítà wà lójú òsì wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ wá ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ, wọ́n ń ká wọn ní méjì méjì. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́sẹ̀ wọn.

"Àdúrà rẹ pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí," wọ́n ní. "Kí lo jí?"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbé ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

"Òun ni, Màámi."

"Bí ẹni gbé ẹyin ló ṣe dì mí lọ́wọ́ mú. Gbogbo ibi tí òkúta wà ló ń sọ fún mi. Ọjọ́ mélòó lo ti ń bi Ọlọ́run?"

"Mẹ́ta."

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan."

"Kí lo fẹ́ kó wí? Kí wọ́n tó bí ìyá tó bí mi ló ti ní ká má jẹ́rìí èké. Ọmọ mi, ìwọ ò béèrè ọ̀nà. Ọ̀nà ẹ̀bùrú lò ń béèrè."

"Mi ò jẹ́rìí kankan, Màámi. Mo kàn dákẹ́ ni."

"Dídákẹ́ náà lẹ́nu. Ó ti bá ọ sọ pé òun ló ṣe é."

"Màmá Àdúrà ní òótọ́ mi ò lè gba ẹnikẹ́ni là."

"Bóyá kò lè gbà á là. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èwo wá ni ti ìka tó ṣẹ̀, tó lọ wọ ìbọ̀wọ́, tí wọ́n ń gé ìka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?" Wọ́n tún na ọwọ́ wá ìbọ̀sẹ̀. "Bí wọ́n bá sì lé ọ, a ó jẹ ohun tí a bá rí. Mo ti jẹ èyí tó kéré sí i rí, mo sì fi tọ́ ọ dàgbà. Má fi ojú mi ṣe àwáwí."

Mo dìde, mo di báàgì mi bí ẹni tí wọ́n ti lé: rúlà onígi mi, ṣọ́ọ̀kì, ìbòrí tí mo fi ń ṣiṣẹ́, Bíbélì kékeré tó ń gbé inú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí mo ti mú wálé. Àdúrà tí mo gbà kò gùn. "Olúwa, mi ò béèrè nǹkan kan mọ́. Kó o ṣáà dúró tì mí."

Ọkọ̀ ti já aṣọ tuntun kalẹ̀ kí n tó dé lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ìdì aṣọ náà ga lẹ́nu ọ̀nà débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń wọlé. Gbogbo wa dúró fún àdúrà. Àlùmọ́gàjí wà lẹ́yìn pátápátá, ó ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ọ̀gá jáde sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó káwọ́ gbera, ó ń dúró kí àdúrà parí kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀.

Màmá Àdúrà dúpẹ́ fún ẹ̀mí, wọ́n dúpẹ́ fún aṣọ tó dé. Mò ń ṣe àmín. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Olúwa, arábìnrin wa tó ń lọ, dárí àṣìṣe rẹ̀ jì í, kó má tún ṣẹlẹ̀ sí i níbi tó ń lọ. Ẹni tí o sì fẹ́ gbé sípò, fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀."

Gbogbo ilé ní, "Àmín."

Mo ní, "Rárá."

Mi ò pariwo. Ṣùgbọ́n ó bọ́ sí àsìkò tí ilé ń mí, gbogbo ènìyàn ló gbọ́. Màmá Àdúrà la ojú.

"Rúlà, àdúrà là ń gbà."

"Mo mọ̀, Màmá. Mi ò ṣe àmín sí i. Àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ fi ń tọrọ ìdáríjì fún un. Ọlọ́run mọ ẹni tó ni ín, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n."

Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fa aṣọ mi. "Àgbà kì í gbàdúrà kí ọmọdé kọ̀ ọ́."

"Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, ọmọdé á kọ̀ ọ́." Mo yíjú sí Ọ̀gá. "Sà, èmi ni mo tẹ́ aṣọ yẹn. Mo tẹ́ apá bí ẹni tẹ́ ara aṣọ. Òun kọ́."

"Ọ̀gá, ẹ má dá a lóhùn," Àlùmọ́gàjí sọ láti ẹ̀yìn. "Orí ló ń fọ́ ọ."

"Orí ò fọ́ mi. Ọwọ́ mi ló ṣì."

Ọ̀gá nawọ́ sí ọ́fíìsì. "Wọlé wá ká sọ̀rọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbí lẹ ti dá a lẹ́bi. Níbí náà ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

Ojú rẹ̀ le. "Ọ̀rọ̀ rẹ ò yí nǹkan kan padà. Ẹni tó bá gé e ló ni àṣìṣe rẹ̀."

"Ìlà kejì nìyẹn, sà. Ìlà kìíní ní ẹni tó bá tẹ́ ẹ ni kó gé e. Èmi tẹ́ ohun tí mi ò gé, òun gé ohun tí kò tẹ́. Àwa méjèèjì la rú u. Torí kí ìyá mi lè rí dókítà ló ṣe pẹ́ dé lọ́jọ́ náà, kò sì sọ fún yín. Bí òfin yín bá máa lé ènìyàn, ẹ jẹ́ kó lé àwa méjèèjì. Bí kò bá ní lé mi, kò gbọdọ̀ lé e."

"Ṣé ò ń halẹ̀ mọ́ mi ni?"

"Rárá, sà. Báàgì mi wà lábẹ́ tábìlì. Mo ti dì í láti ilé."

Ọ̀gá wo abẹ́ tábìlì, ó rí báàgì. Ó wo èjìká Àlùmọ́gàjí, ó rí àpò. Ó wá wo àwọn ìdì aṣọ tó dí ẹnu ọ̀nà. Mo fi Ọlọ́run búra, títí di ìṣẹ́jú yẹn, mi ò rò ó débẹ̀ rí. Ilé ni mo ti múra láti lọ. Obìnrin tó ń so apá mọ́ aṣọ ló na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, bí agéṣọ méjèèjì bá lọ, kí la máa rán lónìí?"

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Ọ̀gá fọwọ́ pa ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bọ́ sídìí tábìlì. Lọ́la Sátidé, ẹ máa wá gé ọgọ́rin ọ̀tún yẹn, mi ò sì ní san nǹkan kan fún yín. Kò sí olórí tábìlì mọ́, mo ti gbà á padà. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kò ní sí àlàyé." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò gbá a, ó rọra tì í ni, ìyẹn sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán, Màmá Àdúrà wá bá mi. Inú wọn ò dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ọlọ́run ló bá ọ ṣe é."

"Màmá, bó bá jẹ́ pé wọ́n lé àwa méjèèjì, Ọlọ́run náà ni ì bá jẹ́."

Wọ́n padà sídìí bọ́tìnnì wọn. Láti ìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, "Hìn-ín" ni wọ́n máa ń ní. Mo ṣì ń kúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n sùn tì mí kò kúrò nílẹ̀ nítorí àṣìgbọ́ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣì ń ṣe àmín sí àdúrà wọn, àmọ́ mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ná.

Ní Sátidé, àwa méjì péré la wà nínú ilé náà. Òun mú etí aṣọ kan, èmi mú èkejì, a ń rìn lọ, a ń rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, a ń tẹ́ gbogbo rẹ̀ kí ojú dojú bolẹ̀, torí ọ̀tún nìkan la fẹ́. Mo kì í, kò dáhùn. Ìpele ogún, kò sọ̀rọ̀. Ìpele ogójì, bákan náà. Ẹni tó bá mọ ẹnu Àlùmọ́gàjí á mọ̀ pé ìyẹn lágbára ju kó bú mi lọ. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọgọ́ta kó tó là á.

"Mo ní kó o má sọ."

"Mo gbọ́."

"O sì sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́."

"Ká ní ó lé ìwọ náà ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ wí fún màmá rẹ?"

"Àwọn ló ní kí n lọ sọ ọ́."

Ó dúró, aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá?"

"Wọ́n ní kí n má fi ojú wọn ṣe àwáwí."

Ó gbé ojú sá fún mi, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na aṣọ tó ti nà tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀yin ìdílé yìí, ẹ ò jẹ́ kéèyàn ṣe nǹkan rere kan jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi tí mo ní kí n ṣe ọ̀rẹ́ tòótọ́."

"Ìwọ ṣe tìrẹ. Èmi náà ní láti ṣe tèmi. Àbí ìwọ nìkan ni wọ́n yàn sípò náà?"

"Kí ni Ọlọ́run tiẹ̀ sọ fún ọ, ní gbogbo ọjọ́ tó o fi ń gbààwẹ̀ yẹn?"

"Kò sọ nǹkan kan."

"Kò sọ nǹkan kan, o sì lọ kojú Ọ̀gá?"

"Ó ti sọ̀rọ̀ tipẹ́. Èmi ni mò ń díbọ́n pé mi ò gbọ́."

A tẹ́ ogún tó kù. Ó gbé pátánì lé e, mo gbé irin lé etí rẹ̀ kó má yẹ̀. Ó fi ìbọ̀wọ́ onírin bọ ọwọ́ òsì rẹ̀, ó gbá ẹ̀rọ mú.

"Bó bá tún ṣẹlẹ̀," ó ní, "dákẹ́."

"Mi ò ní dákẹ́."

"Olóríkunkun." Ó yára tan ẹ̀rọ kí n má bàa rí àyè fèsì. Mo fèsì síbẹ̀.